Òwú Tí A Fi Eyín Já

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí aránṣọ náà pinnu pé òun máa da orí ọmọ ọlọ́mọ rú, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣubú bí àlùmọ́gàjí ṣe ń ṣubú. Ó fi ẹnu sọlẹ̀, ó gún pákó, ó dúró ṣánṣán, ó wá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú.

Aránṣọ wò ó títí. Ọkàn rẹ̀ ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn tí ìfẹ́ ti dá lóró nígbà kan rí, ta ní ń gbọ́ tirẹ̀? Ó fa àlùmọ́gàjí yọ, ó gbójú sókè, ó sì wo ìṣó tó wà lára ògiri, lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kò sí nǹkan kan lórí ìṣó náà. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, òun ló bá a kàn án nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Àwòrán ni aránṣọ fẹ́ gbé kọ́ síbẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wọn, ọmọ tó bá ṣe ipò kìíní ní kíláàsì àṣekágbá, wọn á yà á ní fọ́tò, wọn á gbé ọ̀kan kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wọn á fún àwọn òbí rẹ̀ ní ọ̀kan. Kíláàsì àṣekágbá ni ọmọ náà wà báyìí. Bí ọdún yìí bá ti lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Ipò kejì ni ọmọ yìí sì máa ń ṣe. Kejì, kejì, kejì, bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbá mọ́ férémù. Èyí tó tún wá ń dun aránṣọ jù ni pé kò dun ọmọ rárá. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ẹ̀rín ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Màmá, ẹ wo bí a ṣe pọ̀ tó nínú kíláàsì. Ẹnì kan péré ló wà níwájú mi. Ẹ ò ní ka àwọn tó wà lẹ́yìn?"

"Ẹnì kan yẹn gan-an ni mò ń bá ọ sọ."

"Fìtílà ni. Ọ̀rẹ́ mi ni. Òun náà ló ń kọ́ mi ní ìṣirò tí mo fi ń ṣe kejì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀."

"Ó tẹ́ ọ lọ́rùn." Aránṣọ sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò láìfi omi tì í.

Ẹ má bínú sí i, ẹ̀yin tí ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí. Fìtílà yìí, ta ló bí i? Onídìrí ni, obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti aránṣọ, tó jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló là wọ́n láàárín. Kíláàsì kan náà làwọn ìyá méjèèjì ti jọ kàwé. Onídìrí ló ń ṣe kìíní, aránṣọ ló ń ṣe kejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya onídìrí ní fọ́tò, aránṣọ ló bá a di dígí mú kó lè tún ojú rẹ̀ ṣe dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán tó wá lọ́jọ́ náà, aránṣọ ló ti kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín sí, òun ló ti ṣèlérí fún. Ṣùgbọ́n ó fi ojú kan wo inú kámẹ́rà, ojú náà kò sì kúrò lára ọmọbìnrin tó wà níwájú rẹ̀ mọ́ títí ó fi gbé e níyàwó. Àwòrán onídìrí ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn di òní. Dígí tí aránṣọ dì mú kò sí nínú rẹ̀.

Aránṣọ bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó jáde sínú òjò wínníwínní.

*

Ẹnì kan wà lẹ́yìn ọgbà pákó, tó ń tún agboòrùn ṣe. Bí o bá gbé agboòrùn tó ṣẹ́ lápá lọ bá a, á tún un ṣe fún ọ. Bó bá jẹ́ pé nǹkan mìíràn lo gbé lọ, ìyẹn náà ní tirẹ̀. Yàrá rẹ̀ kéré, ó ṣókùnkùn, àwọn agboòrùn dúdú pa apá mọ́ra, wọ́n fi orí kọ́ sísàlẹ̀ ní àjà bí àdán. Omi ń kán tó, tó, láti ara ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé.

"Kí ló bàjẹ́?" Baba Alágboòrùn kò gbójú sókè.

"Mi ò mú agboòrùn wá, Baba."

"Mo rí i. Mo ní kí ló bàjẹ́?"

Aránṣọ jókòó sórí àpótí kan, ó sọ fún un. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ohùn tirẹ̀ gan-an bà á lẹ́rù.

"Ṣé o fẹ́ kí ọmọ náà kú ni?"

"Rárá o, Baba. Kó kàn gbàgbé ìwé ni."

"Oògùn ò mọ ìwé. Inú orí èèyàn, yàrá ni, àga pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó bá jókòó sí àga iwájú pátápátá ni tèmi máa ń gbé lọ. Ṣé ìwé ló jókòó síwájú nínú orí ọmọ yẹn?"

"Kò mọ nǹkan mìíràn."

"Ó dáa."

Baba Alágboòrùn fa òwú dúdú kan yọ láti ara agboòrùn tó ti fọ́, ó ká a mọ́ ọ̀kan nínú egungun rẹ̀. Ó tún mú ìbọ̀ka irin kékeré kan, irú èyí tí aránṣọ ń kì bọ orí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un.

"Fi òwú yìí rán ohun tí yóò máa kan ara ọmọ náà. Kó o tó fọwọ́ kàn án, wọ ìbọ̀ka yìí. Bí wọ́n bá dá a padà, ibi tí òwú bá ti kàn ọ́ ló máa gbà wọlé. Bó bá bá irin níbẹ̀, á yà síbòmíì. Má jẹ́ kó kàn ọ́ níbòmíì."

"Baba, aránṣọ ni mí. Ṣé èmi ni ẹ ó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo òwú?"

"Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ fún ọ nìyẹn."

Baba rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dún.

*

Àfi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ọjọ́ kejì ni onídìrí yọ orí wọlé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ gbà mí o. Ọmọ yín ti ga kọjá aṣọ. Ẹ bá mi tú ìṣẹ́tí rẹ̀ wálẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti ń kí gbogbo èèyàn lójú ọ̀nà."

"Ìyá Fìtílà, ẹ̀yin náà ga bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ gbàgbé ni?"

"Gíga ni mo ga, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin lẹ di aránṣọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín aránṣọ dópin kí ti onídìrí tó parí.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó ti fèrèsé, ó wọ ìbọ̀ka, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ rán ìṣẹ́tí náà. Òwú dúdú náà tutù. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, kò pariwo, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá jáde, ó dà bíi pé ẹnì kan mí sí i létí. Òógùn bò ó. Ó kù díẹ̀. Ó kù bíńtín.

"Màmá, mo ti dé o."

Ẹlẹ́rìn-ín ti wà lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ìwé léjìká, tó ń rẹ́rìn-ín. Aránṣọ yí ẹ̀yìn padà kíá, ó ta kókó, ó gbé ìṣẹ́tí náà sẹ́nu, ó já òwú.

Bó ti ṣe ń já gbogbo òwú láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Eyín iwájú rẹ̀ kan tiẹ̀ ti ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí òwú máa ń gbà. Ta ní ń wá àlùmọ́gàjí nígbà tí eyín wà nítòsí? Ohun kan korò lórí ahọ́n rẹ̀, bí eérú tí òjò pa. Ó ní eruku ni. Ó tutọ́ dànù, ó sì dojú kọ ọmọ rẹ̀.

"Káàbọ̀, olówó orí mi. Lọ bọ́ bàtà."

*

Fìtílà wọ yúnífọ́ọ̀mù náà lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé. Ó bá a mu bíi pé awọ ara rẹ̀ gan-an ni.

Tíṣà bi í ní ìbéèrè kan tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè dáhùn. Fìtílà dìde. Ó la ẹnu. Gbogbo kíláàsì ń retí bí wọ́n ṣe máa ń retí iná nígbà tí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Kò sí nǹkan kan. Ó dúró títí ẹ̀rín fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, títí ẹ̀rín náà fi tán, tí ìdákẹ́jẹ́ wá burú ju ẹ̀rín lọ.

"Jókòó," ni tíṣà wí pẹ̀lẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ńṣe ló ń gbó lọ bí òwú fìtílà tí epo tán nínú rẹ̀. Bó bá bọ́ aṣọ sílẹ̀ nílé, á tún rántí díẹ̀. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ojú ìwé á di funfun. Lọ́jọ́ ìdánwò, Ẹlẹ́rìn-ín gbójú sókè, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó di kálámù mú láìkọ nǹkan kan, tí omijé ń bọ́ sórí pépà.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" Ẹlẹ́rìn-ín bi í lẹ́yìn ìdánwò, lábẹ́ fèrèsé kíláàsì.

"Ẹnì kan wà nínú orí mi. Ó ń gbé nǹkan jáde. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀." Fìtílà gbá ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ lo máa ṣe kìíní báyìí. Inú mi dùn pé kì í ṣe ẹlòmíì."

"Mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o fẹ́ ẹ?"

Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín délé lọ́jọ́ náà. Kò sì sí ẹnì kankan tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, torí pé ìyá rẹ̀ ti ń fọ gíláàsì férémù àwòrán tuntun.

*

"Kí ló bàjẹ́?"

"Ọmọ mi ni, Baba." Onídìrí ni ó jókòó sórí àpótí kan náà, lábẹ́ àwọn àdán kan náà. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ gbóná látara ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ rí. "Wọ́n ti mú un. Mo mọ̀ pé wọ́n ti mú un. Àwa tí a ń di irun, a máa ń fi ọwọ́ gbọ́ orí èèyàn. Orí ọmọ mi dà bí igbá òfìfo."

"Ṣé o fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é?"

Onídìrí ronú sí i. "Mo fẹ́ kó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá mọ̀ ọ́n."

Baba Alágboòrùn fún un ní òróró dúdú nínú ìgò. "Fi di irun fún un. Nígbà tó o bá ta kókó ìkẹyìn, ó máa padà. Á wá ọwọ́ tó rán an. Bí kò bá rí ọwọ́, á wá ibòmíì tó ti kàn án."

"Baba, ṣé kò sí ẹni tí ẹ kì í ràn lọ́wọ́ ni?"

"Bí òjò rọ̀, wọn á wá. Bí oòrùn mú, wọn á wá. Agboòrùn ò bi ẹni tó dúró sábẹ́ rẹ̀ léèrè."

*

Ọ̀la ni ilé ẹ̀kọ́ máa kéde èsì. Ìrọ̀lẹ́ ni. Onídìrí fi orí ọmọ rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó ń di irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lódìkejì pákó, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ aránṣọ tó ń sáré, tẹrẹrẹ, tẹrẹrẹ, pẹ̀lú orin ayọ̀ lẹ́nu onítọ̀hún. Ó ta kókó ìkẹyìn.

Ẹ̀rọ náà dúró. Orin náà dúró.

Ọwọ́ onídìrí ṣì wà lórí kókó irun. Ó wo pákó náà bíi pé kò rí i rí. "Rárá," ló sọ sínú. "Kì í ṣe ìwọ."

Ní ti aránṣọ, ìbọ̀ka tó wà níka rẹ̀ ló ṣàdédé gbóná bí ẹyin iná. Ó mọ ohun tó dé. Ó gbé ìka náà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń họ irin náà lóde bí ológbò tó fẹ́ wọlé. "Kò sọ́nà," ló ń sọ. "Kò sọ́nà níbí."

Híhọ náà dákẹ́. Irin náà tutù.

Nígbà náà ni ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún.

Ó fọwọ́ kan ẹnu. Ó rántí ìṣẹ́tí. Ó rántí ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín kan, báàgì ìwé kan léjìká. Ó fẹ́ kígbe pe orúkọ kan, orúkọ kan ṣoṣo tó ń pè ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ṣí ẹnu rẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga kan nílẹ̀ nínú orí rẹ̀, wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin ni mò ń kí."

Aránṣọ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

*

Ẹlẹ́rìn-ín sùn sílé àǹtí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí náà kò tíì mọ̀. Láti ilé ẹ̀kọ́ ló sá wá tààrà. Ipò kìíní. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó máa dùn mọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé, jẹ́ kí Màmá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà màá sọ fún un pé kò dá mi lójú pé tèmi ni.

"Màmá. Mo ṣe kìíní."

Aránṣọ gbójú sókè. Ó wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ dáadáa kan tó ń kọjá.

"O kú oríire o, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́? Ìyá rẹ á yọ̀ púpọ̀ lónìí."

Ẹlẹ́rìn-ín rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó retí. Ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀ títí ó fi di nǹkan mìíràn.

"Màmá, èmi ni."

"Mo gbọ́. Ìwọ ta ni?"

*

Káfíńtà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ rí láyé rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń bá onídìrí sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ rántí onídìrí. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n jọ kàwé, ó rántí ayàwòrán, ó rántí iye yáàdì tó wà nínú gbogbo aṣọ tó rán lọ́dún tó kọjá. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ bó ṣe máa pè. Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ló ti ń pè é láti ọjọ́ tí ọmọ ti dáyé, orúkọ yẹn sì ti lọ. "Káfíńtà," ló wá ń pè é báyìí, bó ṣe ń pè é nígbà tó kọ́kọ́ wá gbé ìjókòó fún un.

Onídìrí tú ìṣẹ́tí yúnífọ́ọ̀mù náà níwájú aránṣọ. Òwú dúdú náà ti di eérú. Ó fẹ́ gbé e ju sí aránṣọ lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń béèrè pé, "Ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ilé wa yìí, ṣé ẹ mọ ìyá rẹ̀?" Onídìrí ká aṣọ náà. Ó lọ sílé, ó sì tú irun ọmọ rẹ̀.

Nínú àpótí ìránṣọ, Ẹlẹ́rìn-ín rí egungun agboòrùn kan. Bàbá rẹ̀ mọ ẹni tó ń lò ó. Wọ́n la inú òjò lọ.

"Kí ló bàjẹ́?"

"Ìyá mi ni, Baba," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ẹ tú u sílẹ̀."

"Èyí tó wà lára aṣọ, wọ́n ti tú u. Èyí tó bá itọ́ wọlé, níbo la ó ti tú u?" Ó ń fi aṣọ nu egungun kan. "Ohun tó bá wà ní àga iwájú nínú orí ni oògùn máa ń gbé, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ ló wà níbẹ̀."

Káfíńtà gbójú sókè. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ohun tó rò ni pé ayàwòrán ló wà níbẹ̀.

"Ṣé kò lè tún mọ̀ mí ni?"

"Ó lè mọ̀ ọ́. Ó lè fẹ́ràn rẹ. Ewu tó wà níbẹ̀ nìyẹn." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Òwú yẹn ti mọ ojú rẹ. Bó o bá tún jókòó síwájú nínú orí ìyá rẹ, á padà wá. Lẹ́ẹ̀kejì kì í gbé àga. Gbogbo yàrá ló ń gbé lọ."

Omi kán láti àjà. Ọmọ náà kò dìde.

"Bí ẹlòmíì bá jókòó síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tí òwú ò mọ̀, kò ní kàn án."

"Àga kejì ńkọ́, Baba?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Baba Alágboòrùn wo ojú oníbàárà rẹ̀. "Ta ní ń bẹ̀bẹ̀ fún àga kejì?"

"Èmi. Ibẹ̀ ni mo ti ń jókòó bọ̀."

*

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa jókòó síwájú."

"Èmi kẹ̀? Ìyá rẹ ò fi mí síbẹ̀ nígbà tí mo ní irun lórí."

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ kí ni? A ti fẹ́ra tipẹ́."

"Ẹ sọ ohun tí ẹ ò sọ nígbà yẹn."

Kò rọrùn. Ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi pákó bọ pákó láìsí ìṣó, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bọ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó húkọ́, ó ní, "Ẹ̀rọ yín ń ró dáadáa," ó sì sá lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ó fi igi pupa gbẹ́ àpótí kékeré fún un láti máa kó bọ́tìnnì sí. Aránṣọ fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Káfíńtà, ta lẹ ń ṣe báyìí fún?" Ó ní, "Ẹni tó ń bi mí." Ọmọ rẹ̀, tó ń gbọ́ láti ẹ̀yìn fèrèsé, fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìyá kì í gba ìmọ̀ràn. Ẹlẹ́rìn-ín ti di ọmọ tó ń wá bá aránṣọ fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Díẹ̀díẹ̀, aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí wojú ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ yìí. N kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Bí mo bá rí ọ, ó dà bíi pé gbogbo nǹkan tó kù láyé..."

Àgbá kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sí lórí rẹ̀. Tẹrẹrẹ. Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu, eyín náà ti ń dùn ún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣófo lọ bí yàrá tí wọ́n ń gbá.

Ẹlẹ́rìn-ín já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó burú jù lọ tó lè sọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Mo ní ìyá tèmi." Ó sá jáde sínú oòrùn, ó sá títí dé ẹ̀yìn ọgbà pákó, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Ìwọ tí o ti sá fún ẹni tí ò ń fẹ́ rí, ìwọ nìkan lo mọ irú ẹkún yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ náà dúró.

*

Ọjọ́ tí ayàwòrán gbé àwòrán Ẹlẹ́rìn-ín wá, káfíńtà ń tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe ní igun ṣọ́ọ̀bù. Òógùn bò ó. Àga iwájú ṣì ṣófo, ó sì mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ayàwòrán yìí ni aránṣọ kọ́kọ́ fún ní ọkàn rẹ̀. Bó bá wá jókòó síbẹ̀ lónìí, ta ló máa dìde fún ta ni?

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," ni ayàwòrán wí, pẹ̀lú ẹ̀rín àtijọ́ yẹn tí kò tíì gbó. "Ẹ ò yí padà rárá."

Aránṣọ wò ó pẹ́. Káfíńtà fi òòlù sílẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni aránṣọ dáhùn, ó sì wo ẹ̀yìn ayàwòrán kọjá. "Káfíńtà, kí ló dé tí ẹ dáwọ́ òòlù dúró? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ wà nítòsí? Bí kò bá dún, ọwọ́ mi kì í lè ránṣọ."

Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí dún padà. Kò bá ìṣó kankan. Orí tábìlì lásán ni káfíńtà ń lù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sí irùngbọ̀n.

Ẹlẹ́rìn-ín kò jẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán tirẹ̀ kọ́ sórí ìṣó. Ó bẹ ayàwòrán pé kó ya àwọn méjèèjì pa pọ̀, aránṣọ àti káfíńtà, èjìká sí èjìká. Ìyẹn ló wà lókè ẹ̀rọ títí di òní. Fìtílà tí ojú rẹ̀ ti tún mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ṣé kò dùn ún ni. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Kọ́ mi ní ìṣirò."

*

Òjò ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹlẹ́rìn-ín ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, aránṣọ ń rán ìṣẹ́tí, òòlù ń dún lẹ́yìn ilé. Aránṣọ ta kókó. Ó gbé aṣọ náà súnmọ́ ẹnu, ó dúró, kò mọ ohun tó dá a dúró. Ọmọ náà ti na àlùmọ́gàjí sí i.

"O ṣeun." Ó gé òwú náà. Ó wo ọmọ náà, kò sì gbójú kúrò kíá. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ, má sá lọ lónìí."

Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín di gan-in lórí abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ wà lára àgbá ẹ̀rọ.

"Lẹ́yìn káfíńtà mi," ni aránṣọ wí, "kò sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó ọ láyé yìí."

Àgbá náà kò yí. Ọmọ náà dúró, ó ń retí, ó ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì ìdánwò. Òjò nìkan ló ń dún, àti òòlù.

"Eyín yín ńkọ́, mà? Ṣé kò dùn yín?"

"Eyín wo? Kí ló dé tí ò ń sunkún? Ṣé mo wí nǹkan tí kò dáa ni?"

"Rárá, mà." Ẹlẹ́rìn-ín fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹ̀rín sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu. "Kejì ni mo ṣe. Ó tẹ́ mi lọ́rùn."